Ẹ Bi Wá: Ewé Tó Di Ìwé, Ìwé Tó Di Ẹni À Ń Forí Balẹ̀ Fún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Fótò tá a gbé jáde lóṣù tó kọjá yẹn ò jẹ́ ká sinmi o, ìyẹn ojú ewé kan ṣoṣo látinú ìwé àfọwọ́kọ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ìlà oòrùn Íńdíà, nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí ìwé kíkọ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ẹ̀, tí àwòrán wá jókòó sáàárín. Àràárọ̀ nìbéèrè ń wọlé. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, mo ti ṣa àwọn tó jọra pọ̀ sójú kan, èyí tó sì jẹ mí lọ́kàn jù ni mo fi síwájú.

*"Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìwé ọgbọ́n ni, mo gbà, àmọ́ obìnrin aláwọ̀ yẹ́lò kan ni mo rí níbẹ̀, ẹ tún wá sọ pé ọ̀bọ wà lójú ewé míì. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ Sanskrit, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé yẹn, ní òun wá ọ̀bọ yẹn títí nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà, òun ò rí i. Ṣé ẹni tó yàwòrán yẹn ò mọ̀wé kà ni àbí ó kàn ń ya tinú ẹ̀?"*

Ẹ ṣeun mà, ẹ bá mi kí ọmọ yín dáadáa, òótọ́ ló sọ, ọ̀bọ yẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yà á ò ṣìṣe o.

Ìwé tá à ń wí yìí ń jẹ́ Ashtasahasrika Prajnaparamita, ká kàn sọ pé ọgbọ́n tó dé góńgó, ní ìlà 8,000. Orí 32 ló ní, ìjíròrò ló dẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Búdà jókòó lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Igún nítòsí Rajgir, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ bíi Subhuti àti Shariputra ń bi í léèrè, wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ń fà? Wọ́n ní kò sí nǹkan kan láyé tó dá dúró fúnra ẹ̀, gbogbo ohun tá a rò pé a dì mú, òfìfo ni nínú, kódà Búdà fúnra ẹ̀, kódà ọgbọ́n tí wọ́n ń wá kiri yẹn gan-an. Ẹ wá sọ fún mi, mà, ẹni tó mú bírọ́ọ̀ṣì dání, báwo ló ṣe fẹ́ ya òfìfo?

Kò yà á. Ohun tó yà ni ibi mẹ́jọ tí nǹkan ńlá ti ṣẹlẹ̀ nígbèésí ayé Búdà. Ibi tí ìyá ẹ̀ bí i sí ní Lumbini, tó di ẹ̀ka igi mú tí ọmọ dẹ̀ gba ìhà ẹ̀ jáde, ibi tójú ẹ̀ là sí lábẹ́ igi ní Bodhgaya, ibi tó ti kọ́kọ́ wàásù ní Sarnath, ibi tó ti ṣe iṣẹ́ ìyanu ní Shravasti, ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ láti òde ọ̀run ní Sankasya, ibi tó ti tu erin tó ń bínú nínú ní Rajgir, Vaishali tí ọ̀bọ ti gbé oyin fún un, àti Kushinagar níbi tó ti fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ tó sì lọ. Ọ̀bọ yín nìyẹn, mà. Ó kún un pẹ̀lú àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n máa ń ké pè, Avalokiteshvara tó funfun tó mú òdòdó lótọ́ọ̀sì dání, Tara aláwọ̀ ewé, Maitreya, Búdà ọjọ́ iwájú tí wọ́n ṣì ń retí.

Ìdí tí wọ́n fi kó wọn síbẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Nígbà tí Búdà kú, wọ́n sun ún, wọ́n pín egungun ẹ̀, wọ́n mọ òkìtì ńlá lé e lórí, òkìtì yẹn ni wọ́n ń pè ní stupa, ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń lọ forí balẹ̀, tí wọ́n máa ń rìn yí i po. Ìwé yìí wá dé, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹni tó bá kọ òun sílẹ̀, tó gbé òun síbi ọ̀wọ̀, tó fi òdòdó àti tùràrí àti àtùpà bọlá fún òun, láádá ẹ̀ á ju ti ẹni tó fi ohun iyebíye méje kọ́ stupa lọ. Ó ní torí kí ni? Torí pé inú ọgbọ́n yẹn ni gbogbo Búdà ti jáde (Búdà ju ẹyọ kan lọ, ẹni tójú ẹ̀ bá là pátápátá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀), egungun kàn jẹ́ ilé tí ọgbọ́n gbé ni, òun nìdí tí wọ́n fi ń bọlá fún un. Ṣé ẹ rí i? Ìwé gba ipò egungun. Ó di ara Búdà. Ohun tí wọ́n dẹ̀ máa ń gbẹ́ sára òkúta ní Bihar àti Bengal, ní ìlà oòrùn Íńdíà, láyé ìgbà yẹn, ìyẹn Búdà ní àárín tí ìṣẹ̀lẹ̀ méje tó kù yí i ká, òun náà ni ayàwòrán gbé wá sórí ewé. Kò wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni, aṣọ ló wá fi wọ ìwé, bí a ṣe máa ń wọ ẹni ńlá láṣọ. Ẹni tó bá dẹ̀ ní ìwé yẹn nílé, ibi mímọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí àwọn míì ń fẹsẹ̀ rìn lọ fún oṣù gbọọrọ, ó ti so gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú okùn kan.

Obìnrin aláwọ̀ yẹ́lò yẹn wá ńkọ́? Prajnaparamita fúnra ẹ̀ ni, ọgbọ́n yẹn tó di obìnrin, ìyá gbogbo Búdà ni wọ́n ń pè é. Ẹ padà wo fótò yẹn, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ méjì tó wà níwájú àyà, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lórí ìka fún akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe é. Ẹ wá wo òdòdó tó gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lórí òdòdó yẹn, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ìwé ni o, ìwé yìí kan náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbé ojú sẹ́yìn, mo tún gbé e padà, mi ò gbà pé ẹnì kan fi bírọ́ọ̀ṣì ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán bá ọ̀rọ̀ rìn. Ní Jàpán, láti ọ̀rúndún 8, wọ́n ti ní ìwé kíká kan tó ń sọ ìtàn ayé Búdà, ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀, àwòrán wà lókè, tí ọ̀rọ̀ bá ní ó gun ẹṣin, ẹ máa rí ẹṣin lókè ẹ̀. Ti àwọn ará Íńdíà yìí, ohun míì ni wọ́n fẹ́ kó ṣe fún wọn.

*"Ẹ káàsán sà. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Kí ló dé tí erin fi kéré ju èèyàn lọ nínú àwòrán tí ẹ ní àwọn míì ń fi ránṣẹ́ sí yín?"*

Ọmọ dáadáa, o ṣé. Erin yẹn ń jẹ́ Nalagiri. Mọ̀lẹ́bí Búdà kan wà tó ń jẹ́ Devadatta, ó ń jowú ẹ̀ gan-an, ló bá ní kí wọ́n fún erin yẹn lọ́tí mu yó, kí wọ́n tú u sílẹ̀ sójú títì kó lọ tẹ Búdà pa. Gbogbo èèyàn sá. Búdà dúró síbẹ̀, ó fi inú rere wò ó, erin yẹn rọ̀, ó kúnlẹ̀. Tó o bá wo àwòrán ẹ̀ dáadáa, wàá rí i pé Búdà ló gba gbogbo àyè, erin wà nídìí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó tẹrí ba, kò ju èékánná ẹ lọ. Ẹni tó bá ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn ni wọ́n máa ń ya tóbi jù, erin náà dẹ̀ ti di ọmọlúwàbí nígbà yẹn, kò ní agbára kankan tó fẹ́ fi han ẹnikẹ́ni mọ́.

Wo ti ọ̀bọ náà. Ó gbé abọ́ oyin dání. Ìtàn ẹ̀ ni pé inú ẹ̀ dùn tí Búdà gba oyin yẹn, ló bá ń fò sókè fò sílẹ̀ títí ó fi já sínú kànga tó sì kú, ó sì di ẹni ọ̀run. Àwọn míì máa ń yà á lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tó ń gbé oyin wá àti ìgbà tó ń já bọ́ sínú kànga.

*"Ewé tí mo mọ̀, tó bá ti gbẹ, ó máa rún ni. Ẹ wá ní ewé lo bíi 900 ọdún tí kọ́lọ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ewé wo nìyẹn, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?"*

Àwa náà ń sọ pé ojú ewé nígbà tá a bá ń ka bébà, àwọn wọ̀nyí, ewé gidi ni tiwọn. Igi kan tó jọ ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń já èyí tó dáa jù, talipot lorúkọ ẹ̀, ó máa ń hù ní gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka, ewé ẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn ńlá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dẹ̀ máa ń yọ òdòdó láyé ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ó kú. Wọ́n á já a, wọ́n á yọ egungun àárín ẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, tó bá gbẹ tán wọ́n á fi nǹkan tó dán bí òkúta ra á títí á fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á gé e dọ́gba. Gíga ẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7 lọ, ẹ to ìka ọwọ́ yín mẹ́rin pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni, àmọ́ gígùn ẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó lè tó 55. Wọ́n á lu ihò kan tàbí méjì sí i, ibẹ̀ lokùn ń gbà kọjá. Wọ́n á fi pákó sókè àti sísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀, wọ́n á so ó, wọ́n á fi aṣọ wé e.

Ní gúúsù àti Sri Lanka, irin ṣóńṣó ni wọ́n fi ń ha ọ̀rọ̀ sára ewé, wọ́n á wá fi èédú pa á kó lè hàn. Lápá àríwá tí ìwé wa yìí ti wá, kálámù àti íńkì dúdú ni. Akọ̀wé ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, á kọ ọ́ lọ lálàálà, tó bá dé ibi tí àwòrán máa wà á fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ bíi fèrèsé, lẹ́yìn náà layàwòrán á gbà á. Ewé yẹn máa ń tẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e, tí kọ́lọ̀ bá ti nípọn jù ó máa ṣí kúrò, nítorí náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kùn ún. Yẹ́lò wọn, òkúta kan ni wọ́n lọ̀ tó ní májèlé nínú, orpiment ni wọ́n ń pè é. Pupa wọn, òkúta cinnabar tí mákúrì wà nínú ẹ̀. Búlúù, ẹlú. Tí wọ́n bá po ẹlú mọ́ yẹ́lò, ó di aláwọ̀ ewé, ibẹ̀ ni Tara ti rí àwọ̀ ẹ̀. Èédú fún dúdú. Tí wọ́n bá kùn ún tán, wọ́n á tún fi ìlà tín-ín-rín yí gbogbo ẹ̀ ká, ìlà yẹn ló máa ń mú ìpéǹpéjú àti ìka ọwọ́ jáde, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n fà, ẹ máa mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Nígbà tó yá bébà dé Nepal àti Tibet, bébà tóbi, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gé e gígùn bí ewé, kódà nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyẹn wọ́n ya róbótó síbi tí ihò okùn máa ń wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ okùn kankan ò gbabẹ̀ kọjá mọ́. Ní Nepal wọ́n tún máa ń fi májèlé yẹ́lò yẹn pa gbogbo bébà, kòkòrò ò dẹ̀ ní fẹ́ súnmọ́ ọn.

*"Ta ló ya eléyìí tẹ́ ẹ gbé jáde? Ẹ ò kọ orúkọ ayàwòrán, mo rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ máa kọ ọ́."*

Ó yẹ lóòótọ́, sà, àmọ́ kò sí orúkọ yẹn. Ewé tó kẹ́yìn ìwé ni wọ́n máa ń kọ irú ẹ̀ sí. Ẹ máa rí orúkọ ọba àti ọdún tó ti lò lórí oyè, bíi ọ̀kan ní yunifásítì Cambridge tó jẹ́ ti ọdún karùn-ún Mahipala, ọba ìdílé Pala tó ń jọba ní ìlà oòrùn Íńdíà, nǹkan bí ọdún 1000 nìyẹn. Ẹ máa rí orúkọ ẹni tó sanwó, ọkùnrin àbí obìnrin, mọ́ńkì àbí ará ilé, ẹ lè rí ti akọ̀wé. Ti ayàwòrán ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ẹ tún máa rí àdúrà kan tó jọ ara wọn látìwé dé ìwé, pé ẹ̀bùn lágbájá rèé, láádá tó bá wà nínú ẹ̀, kó kọ́kọ́ kan àwọn olùkọ́ òun, kó kan bàbá òun àti ìyá òun, kó wá kan gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, kí gbogbo wọn lè ní ọgbọ́n tí ò lẹ́gbẹ́. Mo fẹ́ràn pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ látorí ara wọn.

*"Mo rí àbàwọ́n pupa lára pákó ìwé kan nínú mùsíọ́ọ̀mù, ó ti dì gbagidi, ó bo àwòrán mọ́lẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò fọ̀ ọ́? Ìyà ló ń jẹ iṣẹ́ ọnà yẹn."*

Jọ̀ọ́, àbúrò mi, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń dun yín, ó kọ́kọ́ dun èmi náà, mo dúró níwájú gíláàsì mo ń bínú sí àwọn tó dọ̀tí ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń wò nígbà yẹn. Pupa yẹn, lẹ́búlẹ́bú pupa ni, àti igi olóòórùn dídùn tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ omi, èèyàn ló fi ìka kan án síbẹ̀. Ẹnì kan wá lónìí, ó fi ìka kan lẹ́búlẹ́bú yẹn, ó fi kan ìwé, ó tún fi kan iwájú orí ara ẹ̀. Ọ̀la, ẹlòmíì. Ẹ ṣe é fún 500 ọdún, ẹ ṣe é fún 700 ọdún, á dì bí èèpo igi. Tẹ́ ẹ bá ti gba ohun tí mo sọ fún màmá lókè yẹn, pé ara Búdà ni ìwé yìí jẹ́ lójú wọn, ẹ ò ní pè é lábàwọ́n mọ́. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti fọ gbogbo àwọn tó wá kí i dànù.

Ìwé irú ẹ̀ ṣì wà tó ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ní ìlú Patan ní àfonífojì Kathmandu ní Nepal, ilé àwọn mọ́ńkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Kwa Baha, ìwé Prajnaparamita wọn tó ti wà láti ọ̀rúndún 13, ìkọ̀wé wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́, ìdílé tó ń wá àlàáfíà, wọ́n máa ń sanwó kí wọ́n lè gbé ìwé náà jáde fún kíkà. Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Wọ́n á tú okùn ẹ̀, wọ́n á pín ewé ẹ̀ láàárín àwọn àlùfáà tó jókòó, kálukú á máa ka ewé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sókè, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹni tó wà lórí orí kejì ń kà, ẹni tó wà lórí orí ogún ń kà, ohùn ń wọnú ohùn, kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀ tó lè mú gbólóhùn kan ṣoṣo jáde nínú ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti ka gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n á tún to ewé ẹ̀ pọ̀, wọ́n á so ó. Ẹni tó bá ní ìwé tí kò yé èèyàn ò wúlò, kó lọ jókòó síbẹ̀.

*"Ẹ ní Nalanda wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé yìí, mo dẹ̀ ti gbọ́ pé wọ́n run Nalanda. Báwo ni ìwé yẹn ṣe wá là?"*

Ọ̀pọ̀ ò là o, ká sọ òótọ́. Nalanda yìí, ilé ẹ̀kọ́ ńlá àwọn mọ́ńkì ní Bihar, ti lókìkí tipẹ́ kó tó di ìgbà àwọn ọba Pala, Xuanzang tó jẹ́ mọ́ńkì ará Ṣáínà kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún 7, nígbà tó délé lọ́dún 645 ìwé 657 ló kó bọ̀ láti Íńdíà. Àwọn ọba Pala dé ní ọ̀rúndún 8, wọ́n ń bọ́ Nalanda, wọ́n tún kọ́ Vikramashila, irú àwọn ilé yìí ni wọ́n ti ń kọ ìwé wa yìí tí wọ́n ti ń yà á. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1200, ọmọ ogun ọ̀gágun Muhammad Bakhtiyar Khalji ya wọ Bihar, owó tí àwọn ọba fi ń bọ́ ilé àwọn mọ́ńkì náà ti gbẹ, gbogbo nǹkan bá dàrú.

Mọ́ńkì ará Tibet kan wà, Dharmasvamin lorúkọ ẹ̀, ó dé Nalanda ní nǹkan bí ọdún 1235. Ó bá ilé wíwó. Nínú ilé wíwó yẹn ó bá bàbá arúgbó kan, Rahula Shribhadra, ó ti lé ní 90 ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ bíi 70 ṣì jókòó tì í, ó ń kọ́ wọn ní gírámà. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun tún ń bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá lọ. Bàbá yẹn ò lè sá, ó ní kí ọmọ Tibet yìí máa lọ, ó kọ̀, ó gbé olùkọ́ ẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn, ó gbé e lọ fara pamọ́ síbì kan títí àwọn ọmọ ogun fi kọjá. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá rí ọ̀kan nínú àwọn ewé yìí, torí bí ìwé náà ṣe là nìyẹn, ẹnì kan ló gbé e pọ̀n. Àwọn mọ́ńkì sá gba òkè lọ sí Nepal àti Tibet, ìwé wà nínú ẹrù wọn. Ojú ọjọ́ tútù níbẹ̀, kòkòrò ò pọ̀ bíi ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn ará Newar ní Kathmandu dẹ̀ tọ́jú ẹ̀ torí pé wọ́n ṣì ń lò ó, àwọn náà sì ń kọ tiwọn, wọ́n ń yà á. Láàárín 1873 sí 1876, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kathmandu, Daniel Wright, ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ fún yunifásítì Cambridge. Bó ṣe di pé ìwé tó rin ìrìn yẹn wà ní Ìlú Ọba nìyẹn, kò dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n tọ́jú ẹ̀.

*"Mo rí ojú ewé kan tí wọ́n ń tà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fi fíréèmù sí i, ó rẹwà. Ṣé kí n rà á? Tí ò bá ṣeé rà, níbo lèèyàn ti lè rí i wò dáadáa láìsan owó?"*

Ẹ má rà á, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹnì kan ti já okùn ìwé kan kó tó di pé ewé yẹn wọnú fíréèmù. Àwọn oníṣòwò mọ̀ pé ewé tó ní àwòrán ló ń mówó wá, wọ́n á yọ ìyẹn tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tó kù wọ́n á dà á nù. Ewé ìkẹyìn tí mo sọ nípa ẹ̀ yẹn, èyí tó ní orúkọ ọba àti ọdún àti àdúrà fún bàbá àti ìyá, kì í sábà ní àwòrán, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé ìwé kan ṣoṣo fi lè wà ní mùsíọ́ọ̀mù mẹ́ta mẹ́rin lórílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò dẹ̀ sí ẹni tó lè sọ ẹni tó sanwó ẹ̀. Tí ò bá dẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ewé àtijọ́ tí kò ní àwòrán tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ya tuntun sí lánàá. Òfin Íńdíà ti ọdún 1972 náà kò gbà kéèyàn kàn kó ìwé àfọwọ́kọ tó níyì tó bá ti tó ọdún 75 jáde nílùú.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè wò ó ni wẹ́bùsáìtì ilé ìkàwé yunifásítì Cambridge, apá tí wọ́n ń pè ní Cambridge Digital Library, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fi fọ́ọ̀nù wò ó. Ẹ tẹ MS Add.1643, nọ́ńbà ìwé kan nìyẹn. Nepal ni wọ́n ti kọ èyí, ọdún 135 nínú kàlẹ́ńdà tiwọn ló wà lára ẹ̀, ìyẹn 1015, àwòrán inú ẹ̀ lé ní 80. Ohun tó mú kí n yàn án fún yín ni pé ẹni tó ṣe é kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àwòrán, lẹ́tà wínníwínní, ó sọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ìlú tí ère ẹ̀ ti lókìkí, ìlú tó jẹ́ pé òkun ló yí òmíì nínú wọn ká, Sri Lanka, Ṣáínà, Java. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí lẹ́tà yẹn á fi yọ. Èyí tí wọ́n kọ Java sí, Búdà Dipankara ló dúró níbẹ̀.